Orúkọ Tí Wọ́n Fi Mú Ọmọ Ìrẹ̀mídé Lọ

Abọ́sẹ̀dé ní ká kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, ká má bu iyọ̀ sí i, ká má sì bomi là á. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá kà á tó sì bú òun, kò burú, òun náà ti bú ara òun tán. A gbà fún un, torí pé nínú gbogbo ohun tó ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, èyí nìkan la rí tó fi òótọ́ inú ṣe.

Bẹ́ ẹ bá mọ Bódìjà ní Ìbàdàn dáadáa, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Igbákejì ọ̀gá ni ní iléèwé girama kan lọ́nà Ring Road. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òun ni wọ́n máa ń ní kí tọkọtaya tó bá ń jà lọ bá. Àga gígùn kan wà ní pálọ̀ rẹ̀, ó sì máa ń fọ́nnu pé kò sí tọkọtaya tó jókòó sórí àga náà tí inú wọn ò yọ́ síra kí wọ́n tó dìde. Ẹbẹ̀ dùn mọ́ obìnrin yìí ju oúnjẹ lọ. Kí ẹni tó jù ú lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, kó ní, "Ẹ̀yin la gbójú lé o," ó parí. Ohunkóhun tẹ́ni náà bá wá gbà, ó ti gbà á nìyẹn.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, Ìrẹ̀mídé. Ọmọ kékeré ni Ìrẹ̀mídé nígbà tí ìyá wọn kú, Abọ́sẹ̀dé ló sì tọ́ ọ dàgbà, tó fi í sí iléèwé, tó fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Ṣọlápé, ọmọ Àpáta, ló fẹ́. Àwọn méjèèjì jọ kó lọ sí ìlú Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ìrẹ̀mídé ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n sì bí ọmọbìnrin kan, Ẹwàolúwa.

Ìgbéyàwó náà dàrú. Ẹ má bi wá léèrè bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé Ṣọlápé lu ìyàwó rẹ̀ débi pé eyín rẹ̀ yọ, ó sì tì í síta nínú òtútù pẹ̀lú aṣọ àwọ̀sùn. Ilé ẹjọ́ ibẹ̀ wá pàṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìyàwó àti ọmọ náà mọ́. Kó tó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó wo ojú Ìrẹ̀mídé, ó ní lọ́jọ́ kan Ìrẹ̀mídé máa dé iléèwé láti lọ mú ọmọ, kò sì ní bá a níbẹ̀. Ó ní Àpáta ni Ẹwàolúwa máa gbé dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá òun.

Látìgbà náà ni ìyá àti ọmọ ti ń fi ìṣọ́ra jẹun. Kọ́tìnnì wọn kì í ṣí. Ọ̀nà tí wọ́n bá gbà lọ síléèwé lónìí, wọn ò ní gbà á lọ́la. Ìrẹ̀mídé kọ́ ọmọ náà pé bí ẹnikẹ́ni bá fi Yorùbá kí i lójú pópó, kó má dáhùn, kó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù tó bá sún mọ́ ọn.

Èyí bí Abọ́sẹ̀dé nínú. Ó ní irú ẹ̀kọ́ wo nìyẹn, ṣé ọmọ Yorùbá á wá máa sá fún èdè bàbá rẹ̀ ni?

"Àǹtí mi, èdè ò ṣe mí ní nǹkan kan," Ìrẹ̀mídé fèsì. "Ẹni tó lè fi èdè yẹn tan ọmọ mi ni mò ń sá fún."

Iléèwé Ẹwàolúwa náà ní òfin. Bí kì í bá ṣe ìyá rẹ̀ ló wá mú un, ẹni tó bá wá gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan tí ìyá rẹ̀ ti fi tó wọn létí. Láìsọ ọ̀rọ̀ náà, kò sí ọmọ. Ìrẹ̀mídé nílò rẹ̀, torí pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kó tètè jáde lọ́jọ́ mìíràn, Sìlífátù, ọmọ Agbowó tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ló máa ń bá a lọ mú ọmọ. Ó wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kí wọ́n jọ wá ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ò lè ṣèèṣì mọ̀, tí Ṣọlápé náà ò sì lè rò ó láé.

Ẹwàolúwa ò ní oríkì. Ìyá Ṣọlápé tó yẹ kó fún un lọ́jọ́ ìkómọjáde ń bínú nígbà náà pé obìnrin ni wọ́n bí, kò la ẹnu rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ló ní kí wọ́n fún ọmọ ní oríkì ìyá àwọn, kó jẹ́ òun ni ọ̀rọ̀ náà. Àwẹ̀ró. Ìrẹ̀mídé sunkún lórí fóònù nígbà tó gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì fẹnu kò pé kò gbọ́dọ̀ sí ẹlòmíràn tó máa gbọ́ ọ, àfi Sìlífátù nìkan. Olúgbádé, ọkọ Abọ́sẹ̀dé, pàápàá ò gbọ́ ọ.

Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí Abọ́sẹ̀dé bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, á pe Leeds. Á rọra ní, "Àwẹ̀ró." Ọmọ náà á sì kúnlẹ̀ níwájú fóònù, á ní, "Ẹ káàsán, Àǹtí àgbà." Abọ́sẹ̀dé sọ fún wa pé bí òun bá ti pe orúkọ náà tí ẹnì kan sì dáhùn, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ìyá òun ò kú.

Ẹ rántí gbogbo èyí. Kò sí ohun tí Abọ́sẹ̀dé ò mọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ gbé e nínú ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀sẹ̀ Ìdílé ń bọ̀, àlùfáà sì ní kó bá àwọn tọkọtaya sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń parí ìjà. Ó ti ń yan aṣọ tó máa wọ̀. Níbi ìpàdé àwọn ìyá, ẹnì kan tó ń jẹ́ Láwùmí, tí wọ́n ti jọ ń du ipò tipẹ́, tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní òun ò ní jókòó kí ẹni tí ilé àbúrò rẹ̀ ti wó wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ́lé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Abọ́sẹ̀dé náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ títí tó fi wakọ̀ délé, èébú ni gbogbo ẹni tó dí i lọ́nà ń gbọ́.

Ó pe Ìrẹ̀mídé lọ́jọ́ náà. Ó ní kó dárí ji ọkọ rẹ̀, kò sí ilé tí wọn kì í ti jà. Ó ní ìyá Ṣọlápé ti wá sí Bódìjà, ó kúnlẹ̀ tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní ọmọ òun ti yí padà.

"Àǹtí mi, ẹ ò sí níbẹ̀," Ìrẹ̀mídé wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá sí i." Ó sì pa fóònù.

Abọ́sẹ̀dé wo fóònù náà bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Èmi. Èmi tí mo pọ̀n ọ́n. Èmi ni ọmọ yìí ń sọ fún pé kí n má dá sí i. Inú bí i débi pé kò jẹun, ó sì ń fi ìbínú náà sọ fún Olúgbádé títí ìyẹn fi dìde kúrò níwájú rẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ṣọlápé fúnra rẹ̀ wọ̀lú. Ó wá sí Bódìjà ní ọ̀sán, nígbà tí Olúgbádé ò sí nílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìsì pálọ̀, kò sì dìde títí Abọ́sẹ̀dé fi fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Kó tó dìde pàápàá, ọkàn ìyá onílàjà ti yọ́.

Kò bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ìyàwó òun padà. Ọlọ́gbọ́n ni. Ó ní òun ti gba gbogbo ẹ̀bi. Ó ní ohun kan péré ló ń dun òun. Ọjọ́ ìbí Ẹwàolúwa ti dé tán, òun sì fẹ́ gba ohùn òun sílẹ̀ láti fi kí i, kí Abọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ bá òun fi ránṣẹ́. Àmọ́ nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, òun rí i pé òun ò mọ oríkì ọmọ òun.

"Àǹtí, bàbá wo ni kì í mọ oríkì ọmọ ẹ̀?" ó bi í. "Kí ni mo máa fi gẹ̀ ẹ́, mà? Mo gbọ́ lẹ́nu ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan tó wà níléèwé Ẹwà pé ẹ̀yin lẹ fún un ní ọ̀kan, pé kò gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Mo ní kò burú, màá bi Àǹtí, torí Àǹtí ni ìyá gbogbo wa."

Abọ́sẹ̀dé kọ́kọ́ sọ pé rárá. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ìyẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ òun àti Ìrẹ̀mídé ni, òun ò lè sọ ọ́.

Ṣọlápé mi orí. Ó ní òótọ́ ni, kò tiẹ̀ yẹ kí òun béèrè. Ó ní òun mọ̀ pé Ìrẹ̀mídé ò fẹ́ kí wọ́n máa bi Abọ́sẹ̀dé ní nǹkan kan, ó ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún pé ẹ̀gbọ́n òun ti di ará oko, ayé ti lọ fi í sílẹ̀, òun kàn ń bọ̀wọ̀ fún un ni.

Ó rọra sọ ọ́. Ó tún gbé ojú sílẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kó dùn ún.

Bóyá Ìrẹ̀mídé sọ bẹ́ẹ̀, bóyá kò sọ ọ́, Abọ́sẹ̀dé ò béèrè. Ọ̀rọ̀ náà bá ibi tó ń ro ó tẹ́lẹ̀ pàdé. Ó ń rò ó pé ta ló fún Ìrẹ̀mídé láṣẹ láti fi oríkì ọmọ pamọ́ fún bàbá rẹ̀? Ó rí Láwùmí níbi tó ti ń tún gèlè ṣe. Ó rí Ìrẹ̀mídé àti Ṣọlápé tí wọ́n jọ jókòó sórí àga yìí, tí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń sọ pé Abọ́sẹ̀dé ló ṣe é.

"Àwẹ̀ró ni," ó ní. "Oríkì Màámi ni."

Ṣọlápé pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó dùn lẹ́nu.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí obìnrin olùkọ́ yìí fi kún un. Ó na ìka sí i, ó ní, "Má jẹ́ kó jáde lẹ́nu ẹ níbi téèyàn wà o. Òun ni wọ́n ń lò níléèwé láti fi mú un."

Ó rò pé òun ń dáàbò bo ọmọ. Bí Ṣọlápé ò bá tiẹ̀ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti là á yé e báyìí. Ẹyin lohùn. Ọkùnrin náà tún dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó lọ.

Ọjọ́ ìbí dé, kò sí ohùn Ṣọlápé kankan láti fi ránṣẹ́. Abọ́sẹ̀dé pè é, fóònù rẹ̀ ò lọ. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá ó ti padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ojú ń tì í. Ó bá àwọn tọkọtaya sọ̀rọ̀ ní Ọ̀sẹ̀ Ìdílé, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀ níléèwé nígbà tí ìpè Ìrẹ̀mídé wọlé. Kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Ohun tí Abọ́sẹ̀dé kọ́kọ́ gbọ́ dáadáa ni, "Wọ́n ti gbé e lọ."

Obìnrin kan ló wá síléèwé náà, ó múra dáadáa, ó ní àǹtí ọmọ náà láti Ìbàdàn lòun. Wọ́n bi í ní ọ̀rọ̀ náà, ó sọ ọ́ láìṣẹ́jú. Olùkọ́ ṣì pe Ẹwàolúwa jáde, ó bi í bóyá ó mọ obìnrin náà. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Àwẹ̀ró." Ọmọ náà bi í bóyá Àǹtí àgbà ló rán an. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n kọ́ kó máa sá fún ẹni tó bá fi Yorùbá kí i di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó sì ń fò tẹ̀ lé e lọ.

Abọ́sẹ̀dé dìde, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó jẹ́wọ́ èyí fún wa, kò fi pamọ́: kò sí ìṣẹ́jú kankan tí òun ò fi mọ̀. Bó bá sọ ọ́ lákòókò náà, pé Ṣọlápé ni, pé òun ló sọ orúkọ náà fún un, àwọn ọlọ́pàá ì bá ti bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìrẹ̀mídé bi í pé, "Àǹtí mi, ta ló sọ orúkọ yẹn? Ṣé ẹ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni?"

"Èmi kẹ̀?" Abọ́sẹ̀dé ní. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè pé, "Sìlífátù ńkọ́?"

Ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ìrẹ̀mídé kọ́kọ́ ní rárá, Sìlífátù ò lè ṣe é. Abọ́sẹ̀dé wá ń bu epo sí iná. Ó ní èèyàn ṣòro, àgàgà ẹni tí a ò mọ ìdílé rẹ̀. Ó ní òun ti ń fura sí i tipẹ́. Kò rí Sìlífátù sójú rí láyé rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìrẹ̀mídé ti sọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún àwọn ọlọ́pàá, wọ́n sì lọ mú un níbi iṣẹ́ lójú gbogbo èèyàn. Obìnrin tó ti ń fi ẹsẹ̀ rìn nínú òjò lọ mú ọmọ ọlọ́mọ, tó ń bọ́ ọ kí ìyá rẹ̀ tó dé, àgọ́ ọlọ́pàá ló sùn.

Abọ́sẹ̀dé ń pe Ṣọlápé títí, kò wọlé. Ó gbàdúrà. Ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún, ẹ dákun, ẹ gbọ́ ọ, ni pé kí wọ́n rí ọmọ náà láìsí pé ẹnikẹ́ni béèrè bí wọ́n ṣe mú un. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́, ìtìjú ara rẹ̀ ni àgbà ń tún ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, kò lọ síbi iṣẹ́. Ó jókòó ní pálọ̀, òun àti Ìrẹ̀mídé ń rí ara wọn lórí fóònù, obìnrin ọlọ́pàá kan jókòó ti Ìrẹ̀mídé. Ojú Ìrẹ̀mídé ti wú. Olúgbádé wà nínú yàrá. Ìgbà náà ni takisí dúró lẹ́nu géètì.

Ìyá Ṣọlápé ló wọlé. Awakọ̀ ń gbé iṣu tẹ̀ lé e, agolo epo pupa wà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀. Ẹ mọ àṣà wa, ẹni tó bá wá bẹ̀bẹ̀ tí ẹbẹ̀ rẹ̀ gbà gbọ́dọ̀ padà wá dúpẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Àna mi àtàtà! Ẹ ṣé o. Orúkọ tẹ́ ẹ fún ọmọ mi…"

Abọ́sẹ̀dé pa fóònù pì. Ìrẹ̀mídé ò tíì gbọ́ ju ìkíni lọ.

Ìyá náà ò ṣàkíyèsí nǹkan kan. Ó jókòó, ó sọ gbogbo ẹ̀ bí ẹni sọ ìhìn rere. Ó ní ọmọ náà wà ní Luton, ìlú mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nílé obìnrin tó lọ mú un, Títílayọ̀ lorúkọ rẹ̀, ó sì ní ilé ìgẹrun sí ìsàlẹ̀ ilé náà. Ó ní Ṣọlápé ti bá a ṣe ìwé ìrìnnà mìíràn, ọ̀la ni bàálù wọn. Ó ní òun ti kun yàrá fún un ní Àpáta, iléèwé kan sì wà lẹ́bàá ilé. Ìyá rẹ̀ ì báà sunkún, ó máa dákẹ́, ọmọ bàbá rẹ̀ ni.

Abọ́sẹ̀dé ti wá mọ ibi tí ọmọ wà báyìí. Ṣé ẹ mọ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀?

"Mà, ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé èmi ni mo sọ orúkọ náà, àbí?"

"Orúkọ wo?"

Olúgbádé ló béèrè. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo iṣu nílẹ̀, ó tún wo ìyàwó rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í gbóhùn sókè yìí ò gbé e sókè lọ́jọ́ náà pẹ̀lú.

"Ìyá Òkìkí," ó fi orúkọ ọmọ wọn pè é, "pe Ìrẹ̀mídé padà."

Abọ́sẹ̀dé ní ó dáa, òun á pè é, àmọ́ òun á sọ pé ẹnì kan ló ta òun lólobó. Olúgbádé na fóònù náà sí i. Fóònù náà fúnra rẹ̀ ló dún. Ìrẹ̀mídé ló tún ń pè, ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló já.

"Luton ló wà," Abọ́sẹ̀dé sáré wí. "Nílé Títílayọ̀ kan, ilé ìgẹrun wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ wọ bàálù. Sọ fún wọn kí wọ́n máa lọ."

A gbọ́ pé obìnrin ọlọ́pàá náà dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí Ìrẹ̀mídé túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún un. Ìrẹ̀mídé ò dìde. Ó ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ta ló sọ fún yín?"

Kí Abọ́sẹ̀dé tó wá irọ́ rí, ìyá Ṣọlápé ti na ọrùn síwájú fóònù. Ó rò pé ìgbà ìlàjà ti dé, kò sì lóye pé ọlọ́pàá ló jáde níbẹ̀ yẹn.

"Ìyàwó wa, má bínú," ó ní. "Ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ fúnra ẹ̀ ló fún ọkọ ẹ ní orúkọ ọmọ. Inú pálọ̀ yìí ló ti fún un. Ìwọ náà fọwọ́ wọ́nú."

Abọ́sẹ̀dé ń retí pé Ìrẹ̀mídé máa pariwo. Kò pariwo.

"Àná ni mo bi yín," Ìrẹ̀mídé ní. "Àǹtí mi, àná lẹ ti mọ̀. Mo sunkún sí yín létí títí ilẹ̀ fi mọ́. Sìlífátù wà lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi pè é lólè ọmọ."

"Ìrẹ̀mídé, mo rò pé…"

"Ẹ má pe orúkọ mi."

Ó pa fóònù.

Wọ́n rí Ẹwàolúwa lọ́jọ́ náà. Ó wà lókè ilé ìgẹrun náà níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti gẹ irun rẹ̀ kúrú kó lè jọ ti inú ìwé ìrìnnà tuntun. Nǹkan kan ò ṣe é lára. Wọ́n mú obìnrin náà, wọ́n sì mú Ṣọlápé nígbà tó ń gbé àpótí bọ̀. Sìlífátù gba òmìnira, àmọ́ kò tẹ ilé Ìrẹ̀mídé mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìrẹ̀mídé lọ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kò ṣílẹ̀kùn. Ta ló lè bá a wí?

Ní Ìbàdàn, ìyá Ṣọlápé tún padà wá sí Bódìjà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé epo dání. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń ṣépè fún ẹni tó ta ọmọ òun fún ọlọ́pàá òyìnbó, gbogbo àdúgbò ń gbọ́. Ó ní ẹlẹ́nu méjì ni Abọ́sẹ̀dé. Abọ́sẹ̀dé ò jáde. Kí ló fẹ́ jáde wá sọ? Òótọ́ ni ìyá náà sọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sẹ́ni tó ní kó má wá mọ́, kò kàn sí tọkọtaya tó tún wá jókòó sórí àga gígùn náà ni. Láwùmí ló ń parí ìjà báyìí. Olúgbádé ń jẹ oúnjẹ ìyàwó rẹ̀, ó ń kí i káàárọ̀, kò sì bá a sọ ọ̀rọ̀ mìíràn ju ìyẹn lọ.

Ìrẹ̀mídé ti kó kúrò ní Leeds. Abọ́sẹ̀dé ò mọ ìlú tí wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ mìíràn wà níléèwé tuntun, kò sì mọ ìyẹn náà. Ó ti fi ohùn bẹ̀bẹ̀, ó ti rán àlùfáà sí i, ó ti kúnlẹ̀ níwájú fóònù bí àwọn èèyàn ṣe máa ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó wá mọ bí ẹbẹ̀ ṣe ń rí lẹ́nu ẹni tí wọn ò dá lóhùn.

Ọdún ti fẹ́ yípo kí Ìrẹ̀mídé tó pe Olúgbádé. Olúgbádé ló pè o. Ó ní Ẹwàolúwa ń béèrè Àǹtí àgbà ní gbogbo ìgbà, kí Olúgbádé gbé fóònù fún Abọ́sẹ̀dé kí wọ́n kí ara wọn, kó má ju ìyẹn lọ.

Abọ́sẹ̀dé sáré wẹ̀, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Olúgbádé gbé fóònù sí iwájú rẹ̀. Ọmọ náà ti ga. Irun rẹ̀ ti hù padà. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí i, ó jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń fi àwòrán tó yà hàn án. Ìrẹ̀mídé dúró lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló hàn.

Ara Abọ́sẹ̀dé yá gágá. Ọkàn rẹ̀ kún débi pé kò rántí nǹkan kan mọ́ ju àwọn ọjọ́ Ìsinmi wọn àtijọ́. Ó sún mọ́ fóònù, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ tó máa ń lò pe ọmọ náà.

"Àwẹ̀ró."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọ náà. Kò kúnlẹ̀. Ó gbé àwòrán rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì," ó bi í, "ta ló ń bọ̀ wá mú mi?"